Lẹ́tà Mẹ́rin Tí A Fi Kọ Ibà Lassa: Ohun Tí Kíkà Wọn Sọ Fún Ilé Wa



Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018, ìbẹ̀rù gba ìlú Benin àti gbogbo Ìpínlẹ̀ Ẹdó. Ibà Lassa, tí àwọn ará agbègbè Esan ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, tún yọjú. Ṣùgbọ́n ní ọdún náà, iye àwọn tí ó mú pọ̀ ju ti àwọn ọdún àtẹ̀yìnwá lọ. Kí ọdún náà tó parí, àwọn tí àyẹ̀wò fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé wọ́n ní àrùn náà ní Nàìjíríà ti lé ní 600, ó sì lé ní 150 nínú wọn tí ó gba ibẹ̀ kú. Ìpínlẹ̀ mẹ́ta ni ó ti pọ̀ jù: Ẹdó, Oǹdó àti Ebonyi. Àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì wà nínú àwọn tí ó kó àrùn náà. Ẹlòmíràn kò fi ẹnu kan gàárì mọ́. Ẹlòmíràn a sì máa yẹra fún ẹni tí ó bá gbọ́ pé ó ti ọ̀nà Irrua bọ̀.

Ìbéèrè kan ni ó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn, ìbéèrè náà kan náà ni ó sì wà lọ́kàn àwọn oníṣègùn: ǹjẹ́ àrùn yìí ti yí padà ni? Ṣé ó ti ń ti ara ènìyàn kan bọ́ sí ara ẹlòmíràn bí ọ̀fìnkìn ti ń ṣe, àbí láti ara èkúté ni ó ti ń wọ ilé kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀? Ìbéèrè náà wúwo gidigidi. Bí ó bá jẹ́ pé láti ara ènìyàn sí ara ènìyàn ni, a jẹ́ pé ọjà, ilé-ẹ̀kọ́, mọ́sáláṣí àti ọkọ̀ èrò di ibi ewu. Bí ó bá sì jẹ́ pé láti ara èkúté ni, a jẹ́ pé inú ilé ìdáná àti yàrá ìkóúnjẹpamọ́sí ni ogun náà wà. Ẹni tí ó bá gbé odi sí ibi tí ọ̀tá kò gbà wá, asán ni ó ṣe.

Láti inú àkọsílẹ̀ tí ó wà lára kòkòrò àrùn náà fúnra rẹ̀ ni ìdáhùn ti jáde. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kà á ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, bí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ka ohun tí ó wà lójú wàláà. Bí kíkà náà ṣe rí, àti ohun tí ó sọ fún ilé wa, ni a fẹ́ fi ojú ìwé yìí ṣe àlàyé rẹ̀. Kí ó lè yé tọmọdé tàgbà, àwa yóò fi kóòdù kọ̀ǹpútà ṣe àkàwé.

KÍ NI À Ń PÈ NÍ KÓÒDÙ?

Òbí tí ọmọ rẹ̀ bá ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà yóò ti gbọ́ pé kọ̀ǹpútà kò gbọ́ Yorùbá, kò gbọ́ Ẹdó, kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àmì méjì péré ni ó mọ̀: 0 àti 1. Ìwé tí a tẹ̀, àwòrán tí a yà ní ọjọ́ ìgbéyàwó, ohùn ìpèrun tí ó ń dún láti inú fóònù wa, gbogbo wọn kò ju àmì méjì yìí lọ, tí a tò ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Nígbà tí a bá tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí àṣẹ tí ẹ̀rọ yóò tẹ̀lé, èyí ni a ń pè ní kóòdù. Ẹ̀rọ náà kì í bi ẹni tí ó kọ àṣẹ léèrè pé, "Ta ni ọ́, kí ni o sì fẹ́?" Bí ó bá ti lè ka àṣẹ náà, yóò ṣe é.

Ara ẹ̀dá alààyè pẹ̀lú ní kóòdù tirẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ni orúkọ àwọn yàrá kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí, tí ara wa papọ̀ di odidi láti inú wọn. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀rọ akàwé wà, tí ó ń ka àṣẹ, tí ó sì ń fi ohun tí ó kà mọ èròjà puròtéènì. Àṣẹ tí ó ń kà wà lára okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a ń pè ní RNA, lẹ́tà mẹ́rin ni a sì fi kọ ọ́: A, C, G àti U.

Mẹ́ta mẹ́ta ni sẹ́ẹ̀lì ń ka àwọn lẹ́tà náà. Èyí kò ní ṣòro fún ẹni tí ó bá ti lọ sí ilé-kéwú láti lóye, nítorí lẹ́tà mẹ́ta ni ìpìlẹ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Lárúbáwá. AUG ni ó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé, "Bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín." Bí ó bá kan UAA, UAG tàbí UGA, ó túmọ̀ sí pé, "Dúró." Oríṣi ọ̀nà 64 ni a lè gbà to lẹ́tà mẹ́rin ní mẹ́ta mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ sì ni oríṣi òkúta ìkọ́lé 20 péré ni sẹ́ẹ̀lì fi ń mọ puròtéènì. Nítorí náà, ju ìtòlẹ́sẹẹsẹ kan lọ ni ó máa ń ní ìtumọ̀ kan náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò padà sí i.

Kí wá ni fáírọ́ọ̀sì? Fáírọ́ọ̀sì kò ní ẹnu, kò ní ikùn, kò sì lè dá bímọ. Àkọsílẹ̀ àṣẹ ni, tí a wé sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí fáìlì ti ń wà lójú kan láìṣe nǹkan kan títí a ó fi gbé e sínú kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì ṣe rí kí ó tó wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Bí ó bá ti wọlé, sẹ́ẹ̀lì yóò ka àṣẹ rẹ̀ láìmọ̀ pé ti àlejò ni. Àṣẹ ọ̀hún kò sì ju pé: "Ṣe ẹ̀dà mi, kí o sì tún ṣe òmíràn."

Ní ọdún 1984, ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Fred Cohen gbé ìwé ìwádìí kan jáde lórí àwọn kóòdù kọ̀ǹpútà tí ó ń da ara wọn kọ sínú kóòdù mìíràn. "Fáírọ́ọ̀sì" ni ó pè wọ́n, láti inú ìmọ̀ ìṣègùn ni a sì ti yá orúkọ náà. Nítorí náà, nígbà tí àwa bá ń fi kọ̀ǹpútà ṣe àlàyé àrùn lónìí, gbèsè àtijọ́ ni a ń gbà padà.

ÌWÉ KÚKURÚ TÍ Ó Ń PA ÈNÌYÀN

Ọdún 1969 ni a kọ́kọ́ dá ibà Lassa mọ̀, nígbà tí ó kọlu àwọn nọ́ọ̀sì ajíhìnrere ní ìlú Lassa, ní ibi tí ó di Ìpínlẹ̀ Borno lónìí. Láti ibẹ̀ ni ó ti gba orúkọ. Irú èkúté kan tí ó ní ọmú púpọ̀ ni ó ń gbé fáírọ́ọ̀sì náà kiri. Àrùn náà kì í sábà ṣe èkúté yìí ní nǹkan, ṣùgbọ́n ó ń jáde nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀.

Àkọsílẹ̀ fáírọ́ọ̀sì Lassa kò ju nǹkan bí lẹ́tà 10,700 lọ. Ẹ ro ó wò: àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù kan ń gba lẹ́tà 160. Bí a bá fẹ́ fi gbogbo àkọsílẹ̀ Lassa ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ wa, nǹkan bí àtẹ̀jíṣẹ́ 67 ni yóò gbà. Àkọsílẹ̀ ti ènìyàn tó nǹkan bí bílíọ̀nù 3 lẹ́tà. Síbẹ̀, èyí tí kò tó ìwé pélébé yìí lè dá odidi ènìyàn dùbúlẹ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Orí okùn méjì ni àkọsílẹ̀ náà wà. Èyí tí ó gùn ní nǹkan bí lẹ́tà 7,300. Èyí tí ó kúrú ní nǹkan bí 3,400. Àṣẹ ńlá mẹ́rin péré ni ó wà lára méjèèjì, àwọn àṣẹ yìí ni a ń pè ní jíìnì. Ọ̀kan ń ṣe kọ́kọ́rọ́ tí fáírọ́ọ̀sì fi ń ṣílẹ̀kùn sẹ́ẹ̀lì. Èkejì ń ṣe aṣọ tí ó bo okùn àkọsílẹ̀, ó sì tún ń pa agogo ìdágìrì ara mọ́, kí àwọn ọmọ ogun inú ara má baà tètè mọ̀ pé olè ti wọlé. Ẹ̀kẹta ń ṣe akọ̀wé tí ń da àkọsílẹ̀ náà kọ. Ẹ̀kẹrin ń ran àwọn ẹ̀dà tuntun lọ́wọ́ láti jáde kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n lè lọ kọlu òmíràn.

Ohun kan sì wà lára àkọsílẹ̀ yìí tí yóò ya àwa tí a ń ka ìwé Yorùbá àti Lárúbáwá lẹ́nu. Jíìnì méjì ni ó wà lára okùn kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n wọn kò kọjú sí ibì kan náà. Ẹ jẹ́ kí á fi ojú kan ṣoṣo nínú ìwé wé e: ọ̀rọ̀ Yorùbá bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún, àwọn méjèèjì sì wá pàdé láàrin. Báyìí gan-an ni okùn Lassa ṣe rí. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ kíkà kò lè mọ ohun tí a kọ.

ÀṢÌṢE ADÀKỌ

Akọ̀wé tí fáírọ́ọ̀sì Lassa ń lò kì í ṣe akọ̀wé tí ń ṣe àtúnyẹ̀wò. Bí kọ̀ǹpútà bá da fáìlì kọ ní ìgbà ẹgbẹ̀rún, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn yóò máa jẹ́. Akọ̀wé Lassa a máa ṣi lẹ́tà kọ, kì í sì í padà sẹ́yìn láti tún un ṣe. A lè fi U sí ibi tí ó yẹ kí C wà. Ọ̀pọ̀ irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kì í yí nǹkan padà, nítorí, gẹ́gẹ́ bí a ti sọ, ju ìtòlẹ́sẹẹsẹ kan lọ ni ó máa ń ní ìtumọ̀ kan náà. Àwọn mìíràn a máa ba ẹ̀dà náà jẹ́ pátápátá. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń fún un ní agbára tuntun. Ṣùgbọ́n èyí tí kò bá ba ẹ̀dà jẹ́ yóò wà lára rẹ̀, ẹ̀dà náà yóò sì fi í jogún fún àwọn ẹ̀dà tí ó bá ti inú rẹ̀ jáde.

Olùkọ́ ni èmi í ṣe, ọ̀rọ̀ yìí kò sì ṣàjèjì sí àwa olùkọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta bá gba ìdáhùn ìbéèrè kan, tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ṣi ọ̀rọ̀ kan náà kọ ní ibì kan náà, olùkọ́ kò nílò ẹlẹ́rìí kí ó tó mọ̀ pé wọ́n wo ìwé ara wọn. Bí ẹ̀kejì bá ní àṣìṣe ti ẹni àkọ́kọ́, tí ẹ̀kẹta sì ní àṣìṣe àwọn méjèèjì pẹ̀lú tirẹ̀, olùkọ́ lè sọ pé láti ọwọ́ ẹni àkọ́kọ́ ni ẹ̀kejì ti gbà á, àti pé láti ọwọ́ ẹ̀kejì ni ẹ̀kẹta ti gbà á. Ṣùgbọ́n bí ìwé ẹnìkọ̀ọ̀kan bá yàtọ̀ pátápátá sí ti ẹnìkejì, a jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó wo ìwé ẹnìkan.

Ọ̀nà yìí ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń gbà tọpa fáírọ́ọ̀sì. Wọn a gba ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, wọn a ka àkọsílẹ̀ fáírọ́ọ̀sì tí ó wà nínú rẹ̀, wọn a sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ti aláìsàn mìíràn. Bí àwọn méjèèjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, tí ó jẹ́ pé lẹ́tà kan tàbí méjì péré ni ó yà wọ́n, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan ti ara èkejì kó o. Bí lẹ́tà tí ó yà wọ́n bá pọ̀ lọ súà, orísun wọn yàtọ̀.

Àṣìṣe wọ̀nyí tún ń ṣiṣẹ́ bí aago. Nítorí pé wọ́n ń kó jọ díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ti ń lọ, ẹni tí ó bá kà wọ́n lè díwọ̀n ìgbà tí ẹ̀ka méjì ti pínyà. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí wọ́n fi àkọsílẹ̀ fáírọ́ọ̀sì láti Nàìjíríà wé ti Sierra Leone gbé àbájáde wọn jáde. Wọ́n rí i pé ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí ni Lassa ti bẹ̀rẹ̀, ní ohun tí ó ju 1,000 ọdún lọ sẹ́yìn, àti pé láàrin ìwọ̀nba ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan sí àkókò tiwa ni ó tó rìn lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Kò sí òpìtàn tí ó kọ èyí sílẹ̀, kò sì sí arọ́kin tí ó rọ́ ọ. Àrùn náà fúnra rẹ̀ ni ó ń gbé ìtàn ara rẹ̀ kiri.

OHUN TÍ A KÀ NÍ IRRUA

Ẹ jẹ́ kí á wá padà sí ọdún 2018. Irrua wà ní ojú ọ̀nà tí ó ti Benin lọ sí Auchi. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni ńlá ti ìjọba àpapọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ti di ibi tí a ń gbé àwọn aláìsàn Lassa lọ láti ọ̀nà jíjìn. Láti ọdún 2008 ni ó ti ní yàrá àyẹ̀wò tirẹ̀ fún àrùn yìí, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ilé ìwádìí Bernhard Nocht ní ìlú Hamburg, ní Jámánì.

Nígbà tí àrùn náà gbóná ní ọdún 2018, a gbé ẹ̀rọ ìkàwé fáírọ́ọ̀sì wá sí Irrua. Ẹ̀rọ náà kò tóbi. Ọwọ́ kan lè gbé e, kọ̀ǹpútà alágbèéká ni a sì ń so ó mọ́. Ihò tín-ín-tín wà nínú rẹ̀ tí okùn àkọsílẹ̀ ń gbà kọjá. Bí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ti ń kọjá, agbára iná tí ó ń ṣàn nínú ihò náà ń yí padà, kọ̀ǹpútà yóò sì fi ìyípadà náà mọ lẹ́tà tí ó jẹ́. Níhìn-ín ni kóòdù ara àti kóòdù ẹ̀rọ ti pàdé ní ti gidi: A, C, G àti U ti inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn di 0 àti 1 nínú kọ̀ǹpútà. Tẹ́lẹ̀, ó lè gba oṣù púpọ̀ kí irú èsì bẹ́ẹ̀ tó padà láti òkè òkun. Ní ọdún yìí, àrùn náà kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ tí èsì fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ àwọn aláṣẹ ìlera.

Kì í ṣe ibẹ̀ nìkan ni a ti kà á. Ní Ẹdẹ, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní Yunifásítì Redeemer's, ibùdó ìwádìí tí a mọ̀ sí ACEGID, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi, bá àwọn oníṣègùn Irrua àti àwọn onímọ̀ láti Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ pọ̀. Wọ́n gbé àbájáde àkọsílẹ̀ fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n kà jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn ní ọdún 2018 yẹn kan náà.

Kí ni wọ́n rí? Ọ̀nà méjèèjì fẹnu kò sí ibì kan náà. Àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn kò jọ ti akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wo ìwé ara wọn. Wọ́n yàtọ̀ síra gan-an. Àwọn ẹ̀ka tí a ti mọ̀ ní Nàìjíríà láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n, kì í ṣe irú tuntun kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọgbọ́n ríràn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé púpọ̀ jù lọ nínú àwọn aláìsàn náà ni ó kó àrùn láti ara èkúté, ẹnìkọ̀ọ̀kan ní ibi tirẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó kó o láti ara ènìyàn bíi tirẹ̀. Wọ́n tún rí i pé àwọn odò ńláńlá dà bí ààlà láàrin ẹ̀ka kan àti èkejì. Èyí bá òye mu, nítorí èkúté kì í rin ìrìn àjò bí ènìyàn.

Ẹ wo bí àǹfààní èyí ti pọ̀ tó. Ẹni tí aládùúgbò rẹ̀ ń fura sí pé òun ni ó kó àrùn wọ àdúgbò, àkọsílẹ̀ fáírọ́ọ̀sì ti jẹ́rìí gbè é. Àwọn aláṣẹ pẹ̀lú mọ ibi tí ó yẹ kí wọ́n gbájú mọ́. Àwọn àgbà sọ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ fi hàn wá pé ogiri ilé wa ni ó lanu.

WÍWÁ Ọ̀RỌ̀ NÍNÚ ÌWÉ

Ẹni tí ó bá ti fi kọ̀ǹpútà tẹ ìwé rí mọ̀ pé a lè sọ fún un pé kí ó wá ọ̀rọ̀ kan jáde nínú ọgọ́rùn-ún ojú ìwé. Àyẹ̀wò tí a ń pè ní PCR ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. A ti mọ ọ̀wọ́ lẹ́tà kan tí ó jẹ́ ti Lassa nìkan. Àyẹ̀wò náà yóò wá a nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn. Bí ó bá rí i, yóò dà á kọ lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà títí tí kò fi ní ṣeé fojú fò. Àǹfààní rẹ̀ pọ̀, nítorí ní ìbẹ̀rẹ̀, ibà Lassa jọ ibà lásán àti táífọ́ọ̀dù. Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé bí a bá ṣi lẹ́tà kan kọ nínú ọ̀rọ̀ tí a ń wá, kọ̀ǹpútà lè sọ pé òun kò rí i. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún PCR. Àwọn ẹ̀ka Lassa yàtọ̀ síra tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé lára okùn kúkurú, lẹ́tà tí ó yà wọ́n lè tó 25 nínú 100; lára okùn gígùn, ó lè tó 32. Àyẹ̀wò tí a ṣe fún ẹ̀ka Sierra Leone lè ṣàìrí ẹ̀ka tiwa. Ìdí nìyí tí ó fi dára kí a wá a ní ju ibì kan lọ lára àkọsílẹ̀ náà, ìdí sì nìyí tí kò fi yẹ kí a fi kíka fáírọ́ọ̀sì ilẹ̀ wa sílẹ̀ fún àwọn tí ó wà lókè òkun nìkan. Ẹni tí ó ni ilé ni ó mọ ibi tí ó ti ń jò.

Ìmúrasílẹ̀ yìí so èso ní ọdún 2020. Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ni àyẹ̀wò fi ìdí ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní kòrónà ní Nàìjíríà múlẹ̀. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ 6 oṣù kẹta, ibùdó Ẹdẹ àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn ti ka àkọsílẹ̀ fáírọ́ọ̀sì náà, tí ó tó nǹkan bí lẹ́tà 30,000, wọ́n sì ti gbé e síta fún gbogbo ayé. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti ilẹ̀ Áfíríkà.

GÍGÉ ÀTI LÍLẸ̀

Ẹni tí ó bá lè ka kóòdù lè tún un kọ pẹ̀lú. Títí di àkókò tí a ń kọ ìwé yìí, kò tíì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára Lassa tí a fi ọwọ́ sí fún lílò gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ìdánwò ń lọ. Ní ọdún 2024, àwọn ènìyàn tí ó yọ̀ǹda ara wọn ní Abuja bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀kan tí àjọ IAVI ń dán wò. Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? Wọ́n mú fáírọ́ọ̀sì kan tí ó máa ń mú màlúù àti ẹṣin. Wọ́n gé jíìnì tí ó ń ṣe kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kúrò, wọ́n sì lẹ jíìnì tí ó ń ṣe kọ́kọ́rọ́ Lassa sí ipò rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń gé gbólóhùn kúrò nínú lẹ́tà tí a sì ń fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Àwọn ọmọ ogun inú ara yóò rí kọ́kọ́rọ́ náà, wọn yóò sì dá a mọ̀ ní ọjọ́ tí olè gidi bá dé. Ṣùgbọ́n odidi Lassa kò sí nínú abẹ́rẹ́ náà, nítorí ọ̀kan péré nínú jíìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni a mú. Irú ọ̀nà yìí ni a gbà ṣe abẹ́rẹ́ Ebola tí a fi ọwọ́ sí ní ọdún 2019.

IBI TÍ ÀKÀWÉ WA MỌ

Kò yẹ kí a na àkàwé kọjá ibi tí ó lè dé. Ènìyàn ni ó ń jókòó kọ kóòdù kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú ète lọ́kàn. Fáírọ́ọ̀sì Lassa ti wà kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan kọ̀ǹpútà, àṣìṣe tí ó sì ń yí i padà kò ní ète. Èyí tí ó bá bọ́ sí i ni ó ń bọ́ sí i. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbọ́ pé fáírọ́ọ̀sì ní kóòdù kò gbọdọ̀ sáré parí èrò sí pé ẹnìkan ni ó jókòó sí ibì kan tí ó kọ ọ́ láti fi pa wá.

Èkejì ni pé, bí a bá fi kóòdù kan náà sínú kọ̀ǹpútà mẹ́wàá tí ó jọra, iṣẹ́ kan náà ni wọn yóò ṣe. Ara ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé nǹkan bí 80 nínú 100 àwọn tí Lassa bá wọ̀ lára ni kò ní ṣàìsàn tí ó le, nígbà tí ó ń pa ẹlòmíràn, tí ó sì ń sọ ẹlòmíràn di adití. Kíka àkọsílẹ̀ lè sọ ibi tí àrùn ti wá. Kò lè sọ bí yóò ti rí fún lágbájá. Ìtọ́jú tí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ ni ó ń gba ẹ̀mí là.

IṢẸ́ TÍ Ó KÙ SÍ ILÉ WA

Ẹ̀yin ìyá wa àti bàbá wa, gbogbo lẹ́tà tí a kà ní Irrua àti ní Ẹdẹ, ilé ìdáná wa ni wọ́n ń tọ́ka sí. Ẹ jẹ́ kí á máa kó gàárì, ìrẹsì, ẹ̀wà àti èlùbọ́ sínú ohun èlò tí ó ní ìdérí dáadáa. Ẹ má ṣe jẹ́ kí á máa sá oúnjẹ sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tàbí etí ọ̀nà níbi tí èkúté lè gbà kọjá ní òru. Ẹ jẹ́ kí á dí ihò ara ògiri, kí á sì jìnnà sí dída pàǹtírí sí ẹ̀yìnkùlé, pàápàá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí àrùn náà máa ń gbilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa jáwọ́ nínú pípa èkúté jẹ. Bí a bá rí ìgbẹ́ èkúté lára oúnjẹ, ẹ jẹ́ kí á dà á nù. Owó oúnjẹ kò tó owó ẹ̀mí. Ọ̀rá ni ó wà nínú aṣọ tí fáírọ́ọ̀sì Lassa wọ̀, ọṣẹ àti omi sì ń tú irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ká. Fífọ ọwọ́ kì í ṣe àṣà lásán.

Bí ibà bá mú ẹnìkan nínú ilé, tí a lo oògùn ibà tí kò sì lọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí á máa ra oògùn kún oògùn lọ́wọ́ kẹ́míìsì. Ilé ìwòsàn ni kí á gbé e lọ ní kíá, kí á sì béèrè fún àyẹ̀wò. Pé láti ara èkúté ni ó ti ń wá jù kò túmọ̀ sí pé kò lè ràn láti ara aláìsàn. Ẹ̀jẹ̀, èébì, ìtọ̀ àti omi ara aláìsàn léwu. Bí àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì kan ti ṣe kó o nìyẹn. Kí ẹni tí ń tọ́jú aláìsàn wọ ìbọ̀wọ́. Bí àrùn yìí bá sì pa ẹnìkan, kí ẹbí má ṣe dá òkú rẹ̀ wẹ̀ láìkọ́kọ́ ké sí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àti àwọn Áfáà wa. Ẹ̀sìn wa fi àyè ìrọ̀rùn sílẹ̀ níbi tí ewu bá wà.

Èyí tí ó kẹ́yìn ni ti ẹnu wa. Ẹni tí ó bá ti Irrua bọ̀ ní àlàáfíà, ẹni tí a wò sàn ni. Kò yẹ kí a yẹra fún un ní ọjà, kò yẹ kí a máa fi ọmọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́. Àkọsílẹ̀ tí a kà ní ọdún 2018 ti sọ pé púpọ̀ jù lọ nínú irú wọn kò kó àrùn wá fún ẹnikẹ́ni. Èkúté ni ó kó o wá bá wọn nílé, bí ó ti lè kó o wá bá èmi tàbí ẹ̀yin lálẹ́ òní bí ìkòkò wa bá ṣí sílẹ̀. Dípò kí á máa na ìka sí aládùúgbò, ẹ jẹ́ kí á dìde lọ wo ìdérí agbada gàárì wa.

Kí Ọlọ́hun fi ìṣọ́ rẹ̀ ṣọ́ gbogbo ilé wa, kí Ó sì fún àwọn tí ń tọ́jú aláìsàn ní okun àti àlàáfíà. Àmín.